Ọgbọ̀n Ọjọ́ Ọ̀fẹ́ Tó Lé Àbúrò Mi Jáde Nílé

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jókòó síbẹ̀, mo ń jẹun lé e lórí, mo ń sùn lé e lórí, mo sì ń bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín lé e lórí. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn mi ní kí n lọ to ilé mi, torí ọjọ́ tó kù fún mi ò pọ̀ mọ́. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ilé tó yẹ kí n tò kì í ṣe ti ìwé ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹrù. Olè ni gbogbo ẹbí wa ń pe àbúrò mi obìnrin. Kì í ṣe olè. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́ títí màmá wa fi kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ kà á tán ná.

Aránṣọ ni màmá wa. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn kan tí ìlà ṣọ́ọ̀kì ti bo ojú rẹ̀, àti agolo bísíkíìtì tó kún fún bọ́tìnì. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí àbúrò mi wà lọ́mọ mẹ́rin. Ẹ̀rọ méjì yẹn ló tọ́ wa. Èmi ni mo kàwé jù, ìdí nìyẹn tí màmá fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Àbúrò mi ló jókòó tì í nídìí iṣẹ́. Nígbà tí ojú màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, òun ló ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́, òun ló ń wọn oníbàárà, òun náà ló ń ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù fún un. Nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó mú owó lára owó iṣẹ́ màmá láti fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó ká a mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kúnlẹ̀, tó ní, "Màámi, èmi ni." Màmá nà án díẹ̀, ó sunkún púpọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Bá a ṣe rò ó nìyẹn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán, ó kàn máa ń sùn ni.

Èmi ní tèmi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa rí lójú fóònù, ibi tó máa tẹ̀ àti ohun tó máa kà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ọ̀rọ̀ ló ń fa ìka lọ́wọ́. Lọ́dún kejì, ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní a fẹ́ dá ẹgbẹ́ oníbàárà sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, a ó máa gbé ẹrù rẹ̀ wá bá a lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti pé, a ó máa yọ owó nínú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé a ó sọ fún wọn tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́?" Ó ní, "A ó sọ ọ́ kẹ̀. Ìwọ lo máa kọ ọ́ síbẹ̀. Má ṣáà jẹ́ kó pariwo." Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Bí ìgbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà lé mi lọ́wọ́ ló rí. Mo fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sábẹ́, àwọ̀ eérú lórí funfun. Mo wá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ọ̀fẹ́ mi" sórí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan tó gba ojú fóònù já. Ẹni tí kò bá fẹ́, "Rárá, mo lówó tí mo lè fi ṣòfò" ni mo ní kó tẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa lọ́jọ́ yẹn. Ní ti ẹni tó bá fẹ́ jáde, ojú ewé mẹ́rin ni mo tò síwájú rẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì tó ń tàn ni ti kí o dúró, ti kí o máa lọ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣókí, ó sì ṣá. Èmi yìí náà ni mo dábàá pé kí orúkọ tó máa jáde nínú alẹ́ẹ̀tì báǹkì má jẹ́ ti ìsọ̀ wa, kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ni wá, tí ẹnikẹ́ni lóde ò mọ̀ rí. Wọ́n gbé mi ga nítorí ẹ̀. Màmá rán ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún mi láti fi bá mi yọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò mi pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, bẹ́líìtì ẹ̀rọ màmá ti já. Mo rí i ní ìsọ̀ yín. Wọ́n ní tí mo bá wọ ẹgbẹ́ kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa gbé e wá. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́ jàre." Ó ní, "Ṣé kò ní ohun kan nínú?" Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni, ṣé ọ̀fẹ́ náà tún ń dẹ́rù bà ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́, káàdì màmá ló sì fi ṣe é. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jáde kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n pè mí sípàdé, mo gbàgbé. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí dúró, mi ò ní kọ ìwé kankan.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Màmá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ó lọ sí báǹkì láti mọ iye tó wà nílẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì rẹ̀ jáde fún un, wọ́n sì bá a kà á. Owó kan náà, lóṣooṣù, ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan sọ fún un pé, "Màmá, kì í ṣe pé wọ́n jí i. Ẹni tí káàdì yín wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló fọwọ́ sí i, orí fóònù yín ló sì ti ṣe é." Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú káàdì màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Màmá ránṣẹ́ pe èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá wa. A jókòó yí tábìlì iṣẹ́ ká. Màmá bi àbúrò mi pé, "Ìwọ lò ń ka fóònù fún mi. Oṣù mẹ́rìnlá, kí ló dé tó ò sọ ọ́?" Ó ní, "Màámi, owó díẹ̀ ni, mo rò pé báǹkì ló ń gbà á." Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní, "Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí, ẹnu rẹ̀ kì í gbàgbé." Wọ́n na ìwé náà sí mi pé kí Akọ̀wé bá wọn wò ó. Mo wò ó. Orúkọ tí èmi gan-an dábàá rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ì bá tán an: "Ilé iṣẹ́ wa ni." Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn mi, mo wo ojú màmá tó ń wá ojú mi nínú òkùnkùn rẹ̀, mo ní, "Màámi, mi ò mọ orúkọ yìí."

Àbúrò mi bọ́ sẹ́yìn ilé, mo tẹ̀ lé e. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mi ò mú owó kankan. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?" Mo ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. Mo wá ní, "Ṣùgbọ́n báǹkì ti sọ̀rọ̀, kí lo tún fẹ́ sọ? Jẹ́wọ́ fún un. Á dárí jì ọ́ bíi tìjọ́sí. Èmi á dá owó náà padà fún un, ọ̀rọ̀ á sì tán." Ó wò mí pẹ́. Láti kékeré ló ti ń wò mí bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹni tó ti débẹ̀ rí júwe ọ̀nà fún un. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú màmá, ó ní, "Màámi, èmi ni." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bí màmá ṣe sọ pé, "Mo dárí jì ọ́," tí ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn arúgbó lójijì.

Kí n tó lọ lọ́jọ́ náà, mo mú fóònù màmá, mo wọlé láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Mo kọjá ojú ewé kìíní, mo kọjá ìkejì. Màmá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sáré tẹ ìkẹta, mo sáré tẹ ìkẹrin, mo gbé fóònù sílẹ̀. Èyí tó ń tàn ni mo tẹ̀. Èmi tí mo kùn ún ní àwọ̀, òun ni ìka mi lọ bá. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó tún jáde.

Mo bá wọn nílé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Aṣọ àbúrò mi ti wà nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ò pariwo. Ó ní, "Èyí tó o jẹ́wọ́ rẹ̀, mo ti fi jì ọ́. Èyí tó o tún mú lẹ́yìn tó o kúnlẹ̀ fún mi, kí ni kí n pè é?" Àbúrò mi yíjú sí mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Mo ní, "Kí ni kí n sọ?" Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, mi ò fi kún un. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo tún mú fóònù yẹn, mo fara balẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tó ṣá yẹn lójú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì yọ màmá kúrò. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, owó ò jáde mọ́. Màmá wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù pé, "Ṣé ẹ rí i? Àtìgbà tó ti lọ, kò sóhun tó kúrò níbẹ̀ mọ́." Ìyẹn ló fi èdìdì sí i. Àwọn tó ṣì ń ṣiyèméjì ò ṣe é mọ́. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń jẹun tí wọ́n bá gbé síwájú mi.

Ọdún méje ni màmá tún lò. Ojú náà là díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kò wá ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó kú, wọ́n ní kí n pe àbúrò mi fún ìsìnkú. Mo ní mo pè é, nọ́ńbà ò lọ. Mi ò pè é. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá dúró níwájú pósí, mi ò ní lè dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo lọ bá a. Ìlú mìíràn ló wà, ilé ìwòsàn kan ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín. Ó ń ká aṣọ, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo sọ ibi tí mo ti ní kó jẹ́wọ́, ó tú aṣọ kan tó ti ká, ó tún un ká. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tí màmá ń ṣàìsàn, ṣé ó bèèrè mi?" Mo lè parọ́ fún un. Mo ti parọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan sí i ò ní wúwo. Mo ní, "Ó ní tó o bá wá, kí wọ́n gbé báàgì owó òun pamọ́ sínú yàrá." Ó mi orí. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, èmi ẹ̀gbọ́n, mo ní, "Foríjì mí." Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dìde, ẹ ò lágbára. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ti kú. Èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò jalè." Wọ́n pè é láti inú, ó sì lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀mí mi fi balẹ̀ díẹ̀. Kò padà jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà nídìí irú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ ò ní rí ojú ẹni tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ fún. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọrùn. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀, pé ẹni tí kò kà á ló jẹ̀bi. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ilé kan wà tí wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló mú un, ọmọ kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ṣì wà láyé, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu màmá nínú ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì àbúrò mi wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Ẹ ṣáà lọ sọ fún un pé ẹ ti kà á.