Fọ́mánù Tí Kì Í Gbé Bíríkì

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, nínú mọ́tò tí mo wọ̀ láti Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́, ìyá kan níwájú mi ń sọ fún ọmọbìnrin oníṣẹ́ láàbù tó jókòó tì í pé SS ni ọmọ òun.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ rere ló ní nígbà tó wà nínú yín. Lẹ́yìn tí ẹ bí i ni apá kan nínú àbùdá tó jogún pàṣẹ pé kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó yẹn dáwọ́ dúró. Apá náà kì í kọ́ nǹkan kan sínú ara. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ máa ń pè é ní pàǹtí tẹ́lẹ̀."

"Pàǹtí tó ń pàṣẹ? Ó jọ ọkọ mi! Fọ́mánù ni, kì í gbé bíríkì, ṣùgbọ́n tí kò bá sọ̀rọ̀, ògiri ò ní dìde."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà! Lókè òkun, àwọn dókítà ti ń pa fọ́mánù yẹn lẹ́nu mọ́, ẹ̀jẹ̀ ìkókó sì ń padà. Ó ṣì wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n yóò dé ọ̀dọ̀ wa."

"Kó bá ọmọ mi láyé, o jàre."

Láti ìgbà náà ni inú mi ti ń dùn, tí ẹ̀rù sì ń bà mí. AS ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi, ìjọ wa ní Ìlọrà sì ti ní àwọn ò ní so wá pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká dúró de ìrètí yìí ni, àbí ká túká?