Àwọn Ọpẹ́ Inú Agolo Bisikíìtì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ibùdó míṣọ́n yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ohùn mi tó tán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ náà ló pé lónìí. Akọ̀wé Olóòótọ́ lẹ máa ń pè mí. Orúkọ yẹn kò tọ́ sí mi.

Ẹ mọ àpótí ọpẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun. Ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore láàárín ọ̀sẹ̀ á kọ ọ́ sí pépà, á sọ ọ́ síbẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, èmi á kà á sókè. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ alásè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, kódà ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá tó lé ejò. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi tí mò ń kà á. Bí mo bá kà á tán, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó tú ká ní méjì-méjì, èmi á gbé bùrẹ́dì mi padà sí yàrá. Ó dùn mí gan-an. Mo dá wà láàárín ogójì èèyàn.

Ti Ìyá Alágbàfọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Òun ló ń fọ aṣọ gbogbo wa, tó ń rán bọ́tìnnì tó já láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ìlara wọ̀ mí lẹ́wù. Mo yọ pépà rẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tó yá, pépà èyíkéyìí tí mo bá ti rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, inú agolo bisikíìtì ló ń lọ. N kì í tilẹ̀ kà á kọjá orúkọ yẹn. Bí ẹnì kan bá béèrè tirẹ̀, màá ní pépà ti pọ̀ jù, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgbàyà ni mí!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Ọmọ mi ní kí n wá máa bá òun gbé, mo sọ fún un pé mo ní ẹbí níbí. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ mi. Àbí mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Pépà rẹ̀ mọ́kànlá tí n kò tíì kó sínú agolo wà lábẹ́ ìwé tí mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé. Mo dáhùn pé, "Ìyá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ yín ti sú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa náà. Ẹ bá mi kí wọn." Ó ká aṣọ gbogbo wa sórí bẹ́ǹṣì, tèmi náà wà níbẹ̀, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, nígbà tí àìsàn dè mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí agolo náà. Alásè, ìwọ lo bá a kọ ọ̀kan níbẹ̀: "Èmi Ìyá Alágbàfọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Bó bá ń ka orúkọ mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo nílé." Ọpẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí gbà níbí, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e pamọ́.

Ìyá ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Awakọ̀, jọ̀ọ́, gbé agolo yìí lọ. Ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, má fo ọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe gbé ọpẹ́ ọlọ́pẹ́ pamọ́ láé. Ẹ forí jì mí. Awakọ̀, bí o bá dé orí èyí tó jẹ́ tèmi, kọ́kọ́ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kí o kà á.