Nọ́ńbà Kan Lórí Kọ̀ǹpútà Mẹ́fà

Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Kò dún tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé ìta! Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí orúkọ olè mọ́ mi lórí.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní l'Ajah: kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti obìnrin méjì tó ń bá mi tẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Lẹ́kkí ló ń fún wa níṣẹ́ jù. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ra àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà kan tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Arákùnrin kan nínú ìjọ yìí ní, "Mọ́mì, ẹ má rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ọlọ́pọ̀ wà, nọ́ńbà kan á ṣí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni wọ́n ń tà á fún, ṣùgbọ́n mo lẹ́nìyàn níbẹ̀." Mo sanwó. N kò bèèrè ìwé. Ta ló ń bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ arákùnrin nínú Olúwa? Wọ́n á ní n kò nígbàgbọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ojú kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣú lọ́jọ́ kan náà. Ó hàn ní ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà yìí kì í ṣe ojúlówó. Mo kà á, ó yé mi. Mo pe arákùnrin. Ó ní, "Mọ́mì, ọfà ọ̀tá ni. Ẹ ta òróró sí wọn."

Mo sì ta òróró sí wọn! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Ọ̀kan mu òróró náà, bọ́tìnì mẹ́ta kò ṣiṣẹ́ mọ́ lára rẹ̀ títí dòní. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ ẹrù rán ọkùnrin kan wá yẹ ẹ̀rọ wa wò, torí iṣẹ́ wọn ti dúró. Ó wo ẹ̀rọ, ó rí orúkọ tí wọ́n fi nọ́ńbà náà sí, ó wò mí. "Mádáàmù, ilé-ìwé kan ló ni nọ́ńbà yìí. Ṣé ẹ jí i ni?" Lójú àwọn oníbàárà mi! "Ọjọ́ méje lẹ ní. Bí ẹ kò bá mú ìwé wá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, a ó sì fi ẹjọ́ yín sun àwọn tó ni sọ́fítíwíà."

Mo padà tọ arákùnrin lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ dójú ti ìjọ ni?" Mo tọ àwọn àgbà lọ. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Ṣadé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ló ní, "Àǹtí, ẹkún kò kan kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn tó ń tà á gan-an." A lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Oniru. Alhaja kan ló dá wa lóhùn. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́kọ́. Wọ́n ti ń ta nọ́ńbà ilé-ìwé yẹn káàkiri. Ta ló sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ni àṣẹ ọlọ́pọ̀? Kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni a ó kọ sí i."

Olúwa, o ṣeun! Mo ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kí n tó rí owó rẹ̀ san. Ní ọjọ́ kẹfà, mo gbé ìwé náà lọ fún ọkùnrin yẹn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dáa, mádáàmù. Iṣẹ́ yín ṣì wà." Kò bẹ̀ mí nítorí olè tó pè mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣadé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja, tí kì í ṣe ará ìjọ wa. Arákùnrin náà jókòó láàárín yín, n kò ní dárúkọ rẹ̀. N kò tíì dárí jì í. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.

Ìwọ tí wàhálà bá, má bọ́hùn. Gbàdúrà, ṣe àmín, kí o sì wọ bàtà rẹ lọ bi ẹni tó mọ̀. Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó bá bèèrè ìwé. Ènìyàn ló ń bínú. Ẹ yin Olúwa!