Ọfà Kan Dípò Méjì

Dìde ńlẹ̀, ìyàwó mi, má kúnlẹ̀ fún mi, aboyún kì í kúnlẹ̀ torí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Jókòó sórí àga yẹn, fi ìrọ̀rí sẹ́yìn. Bí ọkọ rẹ bá ní ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, ṣebí ó ní ẹsẹ̀? Ó rán ọ wọlé wá, òun jókòó sẹ́nu géètì, ó dorí kodò bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ta ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú àwa méjèèjì? Èmi ni o! Èmi ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀!

Ọfà kan péré. Ilé ò jó, olè ò jà, òjò ò wọlé. Àmì ọfà bíńtín tí kò ju orí èèrà lọ lójú kọ̀ǹpútà, òun ló kó ohùn ìyá mi lọ.

Kò sọ fún ọ? Ó kàn ní kí o bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun, kò sọ ohun tó ṣe? Ẹn-ẹ́n. Ó dára. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìwọ náà bá ìyá wa nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé. Agbẹ̀bí ni, ogójì ọdún ó lé. Gbogbo àdúgbò yìí, ẹni tó ń wakọ̀, ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé, ẹni tó ń pariwo lójú títì yẹn pàápàá, ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí kí wọ́n tó tẹ ilé ayé. Kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ọmọ ta ni, aago mélòó, kí ni ìyá ọmọ ń sọ nígbà tí ìrọbí mú un, baba wo ló dákú sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní láti da omi lé lórí, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ digbí, títí àìsàn ìgbàgbé yìí fi dé, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ àjà. Ọjọ́ tó pe èmi ọmọ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, tó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun pe ọmọ òun obìnrin, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé àkókò ti ń tán lọ́wọ́ wa.

Ni mo bá pe ọkọ rẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Mo ní ohùn màmá ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀, kí ó máa sọ ìbí kan lójúmọ́, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, kí ó má sọnù. Ó ní, "Kò ṣòro." Àbí kí la ṣe sọ ọ́ ní Kòṣòro? Òrùlé ń jò, kò ṣòro. Ọmọ fi ẹ̀wà sí ihò imú, kò ṣòro. Ilé ẹ̀kọ́ lé e, ó délé, ó ní kò ṣòro.

Ó wá kọ ìwé àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ máa ń kà lẹ́sẹẹsẹ, tí á sì ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe láìbéèrè ìdí. Láàárọ̀, bí màmá bá ti wẹ̀ tán, tó mu tíì, màá gbé fóònù kalẹ̀ síwájú rẹ̀, á sọ ti òní. Bó bá sọ tán, màá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, màá tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ìwé àṣẹ yẹn á mú ohùn ọjọ́ náà, á fi kún ìdí fáìlì ńlá tó ń gba gbogbo rẹ̀, á pa ti inú fóònù rẹ́ kó má bàa kún, á wá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà fún mi pé: Ó ti parí. Ọkọ rẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti rí Ó ti parí, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo sì fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń gbọ́ ọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, mo ń rẹ́rìn-ín lórí abọ́ tí mo ń fọ̀. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní iṣẹ́ àná ò tíì jọ̀wọ́ fáìlì, pé ó há síbẹ̀, ó dì í mú, ti òní ò sì lè wọlé. Mo pe Kòṣòro. Ó dé, kò jókòó o, ìyàwó mi, mo fi orí ìyá mi búra, ọkùnrin yìí ò fìdí kan àga. Ó fi fóònù há èjìká, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mìíràn, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ kan ló fi ń tẹ tèmi. Ó pa iṣẹ́ tó há yẹn, ó nu ìlà kan kúrò nínú ìwé àṣẹ, ó tún ìlà náà kọ. Ó ní ó tán, ó ní kò ṣòro, ó jáde. Kò dán an wò. Kò ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan wò ó ná. Kí ni ìṣẹ́jú méjì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lánàá, nígbà tí omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, bí èèyàn bá kọ àmì ọfà méjì, ẹ̀rọ á fi tuntun kún ti àtijọ́. Bó bá kọ ẹyọ kan, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbálẹ̀, á da gbogbo ohun tó bá nínú fáìlì nù, kí ó tó gbé tuntun kalẹ̀. Méjì ń kó jọ, ọ̀kan ń pa rẹ́. Ọkọ rẹ sì kọ ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá, à ń bí ọmọ kan, ó ń pa ẹni tó ṣíwájú rẹ̀. Ogójì òwúrọ̀ ó lé méjì, n ò sì ṣí fáìlì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan! Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ pé Ó ti parí, èmi òmùgọ̀ sì ń dá a lóhùn pé o ṣeun. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Áà. Kò kúkú purọ́. Ó ti parí lóòótọ́.

Rárá, kò ṣeé gbà padà. Ṣé o rò pé mo kàn jókòó ni? Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí. Ó ní ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ nǹkan lé e, bóyá. Ó wá bi mí pé ẹ̀dà ńkọ́. Ẹ̀dà ò sí. Èmi ni mo ní kí Kòṣòro má ṣe ẹ̀dà síta, torí àṣírí ilé oníilé wà níbẹ̀. Ìyẹn, ẹjọ́ mi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọfà kan.

Má wo ẹnu mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, pé ìtàn ìbí ọmọ ọlọ́mọ ni, kí ló fa ẹkún tó báyìí. Èmi náà ì bá fara mọ́ ọn. Ká ní ti ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni.

O ò gbọ́ ọ rí, torí a kì í sọ ọ́ nílé yìí. Kí n tó bí àwọn méjì tí o mọ̀, mo bí ọmọbìnrin kan. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Ìyá mi ló gbẹ̀bí mi. Mo dákú, ọjọ́ méjì ni n ò mọ ibi tí mo wà, ọmọ náà sì wà láàyè láti ìdájí títí oòrùn fi mú, ó lọ. Wọ́n ti sin ín kí n tó lajú. N ò rí i. Ìyàwó mi, n ò rí ọmọ mi rí. Ìyá mi nìkan ló gbé e, òun nìkan ló rí ojú rẹ̀, kò sì fẹnu kàn án fún mi rí, èmi náà ò lè béèrè.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógójì. Mo gbé fóònù kalẹ̀, ó wò mí, orí rẹ̀ pé dáadáa lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ti ọmọ tìrẹ ni mo fẹ́ sọ lónìí." Mo sá jáde. Mo fi fóònù sílẹ̀ fún un, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń fọ aṣọ tó mọ́. Mo gbọ́ tó ní, "Ó la ojú," mo bá ṣí omi sí i kí n má bàa gbọ́ ìyókù. Mo ní ẹ̀rọ á bá mi tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí ọkàn mi bá gbà á, màá gbọ́ ọ.

Àná ni ọkàn mi gbà á. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo ṣí fáìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́rin péré, ti ọjọ́ ìkẹyìn tí màmá lè sọ̀rọ̀ tó já síbì kan. Mo ń dúró de ìyókù, mo rò pé ẹ̀rọ ń mí ni.

Mo bi màmá fúnra rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, màmá, ọmọ mi yẹn, nígbà tó la ojú, báwo ni ojú náà ṣe rí? Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ọmọ wo?" Orí tó mọ̀ ọ́n ti gbàgbé, ẹ̀rọ tí a fi í pamọ́ sí náà ti gbàgbé. Ta ni màá wá bi, ìyàwó mi? Omi tí mo ṣí ni màá bi?

Jẹ́ kí n sunkún. Mo ti ń dá a dúró láti àná.

O fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin náà? Gbogbo òwúrọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ọ̀kan ṣoṣo tó kù, ṣé o mọ ìbí ẹni tó jẹ́? Ti ọkọ rẹ ni. Ti Kòṣòro! Ayé yìí mà le o.

Màmá ní baba wa rìnrìn àjò, òjò dí ọ̀nà, òun tó ń gbẹ̀bí gbogbo ayé ò rẹ́ni gbẹ̀bí òun. Èmi nìkan ló wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní òun sọ fún mi pé, "Tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀kan ò tó." Ohùn rẹ̀ nìyẹn, ó mọ́ kedere, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá yìí. Ó ní mo tẹ́ méjèèjì, ọmọ náà sì bọ́ síbẹ̀.

Wo ọwọ́ náà. Ìwọ̀nyí ni.

Báwo ni màá ṣe wá fi ọwọ́ yìí ṣépè fún un? Mo gbìyànjú lánàá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo la ẹnu, kò jáde.

Dìde, lọ bá mi pè é wọlé. Sọ fún un pé n ò ní kí ó kúnlẹ̀. Màmá kò ní ọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí o ń wọlé láàárọ̀ yìí, ṣebí o rí bó ṣe na ọwọ́, tó tẹ ikùn rẹ wò, tó ní orí ọmọ ti wálẹ̀? Kò mọ orúkọ rẹ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ohun yòówù tó bá kù lẹ́nu rẹ̀, ìbáà ṣe ìkùnsínú, ìbáà ṣe ẹ̀rín, a ó gbà á sílẹ̀ láti òní lọ. Kí ọkọ rẹ wá jókòó sórí àga, kí ó pa fóònù rẹ̀, kí ó kọ ọfà méjì sí i lójú mi, kí ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí ó má sì sọ fún mi pé kò ṣòro o. Ó ṣòro, ìyàwó mi. Ó ṣòro gan-an.