Àlejò Yàrá Karùn-ún

Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yìí ń wọ́ bí ìgbín." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ìwé náà rèé. Má wojú mi bẹ́ẹ̀, Injiníà, jókòó! O ò tíì lè lọ.

Èmi ni mo ní kó o wá kọ́ mi, mi ò sẹ́. Mo ní mi ò lè bá ohun tí mi ò mọ inú ẹ̀ gbélé. O sì fẹnu ara rẹ sọ pé bí fóònù mi bá dé, á kọ́kọ́ kí àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ ǹlẹ́ onílé, ẹ fún mi ní yàrá." Àpótí á ní, "Yàrá karùn-ún ṣófo." Fóònù á ní, "Mo fẹ́ ẹ." Àpótí á ní, "Ó di tìrẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré! Ó wù mí gan-an. O ní nọ́ńbà yàrá lè yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àbínibí tí ilé iṣẹ́ fún fóònù kì í yí láéláé. Láéláé lo wí! Ojú ewé kejìlá nìyí, mo fa ìlà sí i nídìí.

Èmi tí mi kì í da páálí ẹ̀rọ nù, mo kó gbogbo wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo da nọ́ńbà àbínibí tó wà lára wọn kọ. Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì padà, mo ṣí ìwé orúkọ inú àpótí bó o ṣe kọ́ mi. Fóònù Ìyàwó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àbúrò mi wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Tèmi ńkọ́? Kò sí! Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lára páálí kankan, ló jókòó sí yàrá karùn-ún. Yéè! Olè ti lé mi jáde nínú yàrá mi! Fóònù mi sì ń ṣiṣẹ́ geere lọ́wọ́ mi o, mi ò bi ara mi léèrè pé ibo ló wá ń sùn.

Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun? Àbúrò mi kì í rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Ó ku Ìyàwó. "Ta lo fún?" "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fún ẹnikẹ́ni." Mo ní irọ́ ni, mo ní páálí kì í parọ́. Ẹni tó wá sọ fún mi pé nǹkan ò lọ dáadáa, òun náà ni mo pè lólè! Ní Sọ́ńdè ó gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó padà wá lónìí, ó ń di ìyókù ẹrù rẹ̀ lókè báyìí. Ṣé o ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?

Iná tán lára fóònù mi láàárọ̀ yìí, àlejò kúrò nínú ìwé orúkọ. Mo so ó mọ́ná, àlejò dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò! Mo pè ọ́, o wá ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé àwọn fóònù tuntun bíi tèmi máa ń wọ ìbòjú, pé nọ́ńbà èké ni wọ́n ń gbé wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà tọpasẹ̀ wọn.

O mọ̀ tẹ́lẹ̀! Kí lo wí? Kò wá sí ọ lọ́kàn? Kí ló tún kù tí kò tíì wá sí ọ lọ́kàn? Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára àpótí yẹn, kí ló ń sọ, ta ló ń sọ ọ́ fún?

Dìde. Ṣáájú mi lórí àtẹ̀gùn. Ìwọ á jẹ́wọ́ "láéláé" tìrẹ, èmi á jẹ́wọ́ "páálí kì í parọ́" tèmi. Ìyàwó! Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Mo ti mú àlejò yẹn wá. Má wẹ̀yìn Injiníà, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Èmi ni, èmi ni mo gba yàrá mi lọ́wọ́ ara mi... Hẹ̀n, ó rẹ́rìn-ín! Injiníà, o rí i, ó rẹ́rìn-ín! Fún mi ní bírò: Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, Ìyàwó tú ẹrù rẹ̀.