Ọkọ̀ Tí Kò Dún

Létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja kan àti ọlọ́kọ̀ tó fi àpò ìyẹ̀fun rán ìgbòkun.

"Ẹsáńsì tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń mu ti wọ́n, ìyá. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé wa báyìí. Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ ńlá orí òkun pàápàá á padà sí ìgbòkun lọ́jọ́ kan."

"Ọmọ mi, ariwo ẹ̀rọ ni àwọn ṣọ́jà fi ń mọ̀ pé ọlọ́jà ni wá. Ọkọ̀ tí kò dún, ọkọ̀ ọ̀tá ni lójú wọn."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ká máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè gbọ́ wa látòkèèrè."

Ìyá náà dá orin sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo dúró, mò ń gbọ́ orin náà bó ṣe ń jìnnà. Lójijì ló dákẹ́, kò tíì dé Àmín.