Ilẹ̀kùn Ọgbà Bachisi

Ẹ gbé àlùmọ́gàjí yín sílẹ̀ díẹ̀. Irun àgùntàn kò ní sá lọ. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti parí iṣẹ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Bachisi, sún mọ́ mi. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí ẹ̀yin darandaran yòókù náà gbọ́, nítorí mo tan gbogbo yín jẹ.

Ní ọdún tí ọ̀dá mú òkè Sadinia yìí, koríko mi tán. Mo ṣe ohun tí àwọn bàbá wa máa ń ṣe: mo lọ ti iná bọ igbó gbígbẹ, kí koríko tútù lè hù nígbà òjò. Mallena ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Larentu, ẹ̀fúùfù maestrale ń bọ̀. Orúnkún ń dùn mí.”

Mo ní, “Orúnkún tí kò gun òkè rí, kí ló mọ̀?”

Ó ní, “Ó mọ̀ ju orí ẹ lọ.”

Mo jáde. Maestrale dé kí n tó nu òógùn ojú mi. Iná fo odò gbígbẹ, ó forí lé ilẹ̀ Bachisi. Bachisi ti lọ ta wàràkàṣì nílùú. Zosepe àbúrò rẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ẹran, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti jà láàárọ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Zosepe ti àwọn àgùntàn mọ́nú ọgbà olókùúta, ó so ilẹ̀kùn, ó bínú lọ. Gbogbo wọn ló jóná.

Mo fo ohun kan. N ó padà síbẹ̀. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn.

Ẹ ṣe parádúrà fún Bachisi bí àṣà wa: olúkúlùkù fa abo àgùntàn kan wá, kí ẹni tó pàdánù lè tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo fa èyí tó dára jù nínú tèmi. Bachisi fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó ní, “Larentu, ìwọ ni arákùnrin mi. Ẹni tí ìyá mi bí ló dáná sun mí.”

Mo ní, “Ìbínú ò dáa.”

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Ó tó. Zosepe búra títí, ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Genoa.

Ọdọọdún ni Bachisi ń fi wàràkàṣì àkọ́kọ́ láti ara àgùntàn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mallena á fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Èmi á ní inú ń run mí. Á wò mí, á ní, “Inú kọ́ ló ń run ẹ́.” Láti ìgbà náà n kò lè jókòó pẹ́. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Larentu, ṣé èèrà wà nínú ṣòkòtò ẹ ni?”

Ó tó. Ẹ gbọ́ èyí tí mo fò.

Mo dé ìdí ilẹ̀kùn ọgbà náà ṣáájú iná. Okùn ni wọ́n fi so ó. Ọ̀bẹ wà lápò mi. Àwọn àgùntàn ń ti ara wọn mọ́ ilẹ̀kùn, agogo ọrùn wọn ń dún. Mo yọ ọ̀bẹ. Mo wá rò ó pé bí mo bá gé okùn yìí, wọn yóò bi mí pé kí ni mo ń wá lápá ibi tí iná ti wá. Mo dá ọ̀bẹ padà sápò. Mo lọ dúró sẹ́yìn nuraghe, ilé òkúta àtijọ́ tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ yẹn, títí agogo fi dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò kan bi mí lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá pé kí ló sọ òkúta ibẹ̀ di dúdú. Mo ní ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀ ni.

Iná bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn kò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Zosepe gúnlẹ̀ lánàá. Ó ti hu ewú. Ilé àlùfáà ló sùn, nítorí Bachisi ní kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà òun bí òun bá wà láàyè.

Bachisi, àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. N kò ní sá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí o fẹnu kò nìyí. Bí o bá fẹ́ gbá a, gbá a. Mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tèmi lè dúró dìgbà tí inú rẹ bá rọ̀, bí mo bá ṣì wà. Zosepe ni kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́. Mo ní ilẹ̀kùn níwájú mi, n kò ṣí i. Lọ ṣí tìrẹ.